Bí Ọmọ Ìbàdàn Tó Ń Lọ Gbé ní Birmingham Ṣe Lè Mọ Káńsù Ìlú Náà, Kí Ó sì Bá A Lò

Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tó máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọmọ Ìbàdàn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Birmingham ni lẹ́tà káńsù. Láti ọdún mélòó kan ni àwọn òbí ní Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Òkè-Àdó ti ń fi àwòrán irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí n bá àwọn ka ohun tí káńsù ń wí fún ọmọ àwọn. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti gbé lẹ́tà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ojú tí a fi ń wo ìwé káńsù nílé ni wọ́n fi wò ó: ìwé tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi wá kan ilẹ̀kùn, tí a ó sì jọ yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà tí a kò bá dáhùn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí mo fẹ́ kí ìtọ́sọ́nà yìí ṣe ni kí ojú àlejò lè ríran: kí ó mọ ohun tí káńsù jẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gbé lọ síbẹ̀ àti èyí tí kò yẹ, àti bí a ṣe ń kọ̀wé sí i tí yóò fi dáhùn. Birmingham ni mo mú, nítorí pé òun ni ìlú tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn London, ìtàn káńsù rẹ̀ sì kún fún ẹ̀kọ́. Òfin tí mo mẹ́nu bà nípa owó ilé (Council Tax, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé, kì í ṣe owó tí ayálégbé ń san fún láńlọ́ọ̀dù), ìdìbò àti ẹ̀sùn kan gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń lọ sí Leeds tàbí Manchester náà lè lò wọ́n. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Mápó

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín pátápátá, nítorí káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá sí Ìbàdàn rí. Ní 1952, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ kan tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: káńsẹ́lọ̀ tí aráàlú dìbò yàn, ìgbìmọ̀ kéékèèké fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti akọ̀wé àgbà tó ń tọ́jú ìwé àti òfin. Ní 1954, wọ́n dìbò yan káńsù Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú sì di alága rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí káńsù náà ṣe ń ṣàkóso, ẹni tí ìjọba gbé ìwádìí lé lọ́wọ́ ni E. W. J. Nicholson, akọ̀wé àgbà ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1956. Nígbà tí àwọn àgbà wa lágbègbè Mápó bá ń pe káńsù, káńsẹ́lọ̀ àti wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní Birmingham gan-an ni wọ́n ń pè.

Ọ̀nà méjèèjì pínyà lẹ́yìn náà. Ní 1991, wọ́n pín ìjọba ìlú Ìbàdàn kan ṣoṣo sí márùn-ún, bí a bá sì ka mẹ́fà tó yí wọn ká mọ́ ọn, ó di mọ́kànlá. Ní Birmingham, káńsù kan ṣoṣo ló ń ṣàkóso gbogbo ìlú, ìkànìyàn 2021 sì fi hàn pé ènìyàn 1,144,900 ló wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, aráàlú ń dìbò yan alága tààrà, owó tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ ró sì ń ti Abuja wá. Ní Birmingham, aráàlú kì í dìbò yan olórí káńsù, bẹ́ẹ̀ ni apá kan gbòógì nínú owó rẹ̀ ń jáde láti àpò ẹni tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá alága káńsù káàkiri níbẹ̀ yóò rìn títí.

Ibi tí agbára káńsù náà ti wá

Birmingham ti lókìkí nínú iṣẹ́ irin kí ó tó ní ìjọba tí aráàlú yàn. Títí di 1838, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti olóhun-ilẹ̀ àtijọ́ àti àwọn kọmíṣọ́nnà òpópónà ló ń ṣàkóso rẹ̀. Òfin 1769 ló dá àwọn kọmíṣọ́nnà náà sílẹ̀ láti máa gbá òpópónà kí wọ́n sì máa tan iná sí i lálẹ́. Aráàlú kò sì dìbò yàn wọ́n. Kódà ìlú náà kò ní aṣojú kankan ní Pálímẹ́ǹtì títí di 1832. Ní 1835, Pálímẹ́ǹtì ṣe òfin pé kí àwọn ìlú ní káńsù tí àwọn tó ń san owó ìlú yóò máa dìbò yàn. Ní 1838, Birmingham gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, Manchester náà sì gbà á lọ́dún kan náà. William Scholefield ni olórí ìlú àkọ́kọ́.

Káńsù tuntun náà kò kọ́kọ́ já mọ́ nǹkan púpọ̀. Àwọn kọmíṣọ́nnà kò gbé agbára wọn fún un títí òfin 1851 fi gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì gbà á tán, ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju pé kí owó ìlú má gòkè lọ. Omi kànga ń dọ̀tí, àìsàn ń pa ọmọdé, gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná àti omi tí wọ́n ń mu sì wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni.

Ẹni tó yí i padà ni Joseph Chamberlain, tí owó rẹ̀ ti inú ṣíṣe skúrù wá, tó sì jẹ́ olórí ìlú láti 1873 sí 1876. Ó ti gbọ́ ìwàásù àwọn oníwàásù bíi George Dawson, tí wọ́n ń kọ́ni pé títún ìlú ṣe jẹ́ ojúṣe ẹ̀sìn, àti pé káńsù ni ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn jọ fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1875, Chamberlain mú káńsù ra ilé iṣẹ́ gáàsì méjèèjì tó wà nílùú. Ní 1876, wọ́n ra ilé iṣẹ́ omi. Àlàyé tó ṣe nígbà náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ó ní kí gáàsì máa mú èrè wá, kí èrè náà sì di ti gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n kí káńsù má ṣe wá èrè lórí omi, nítorí pé omi ni ìlera aráàlú. Ẹ̀ka gáàsì yìí kan náà ló kọ́ ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú náà sórí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1885.

Kò yẹ kí n fi apá kejì pamọ́. Chamberlain wó àwọn ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ àárín ìlú láti la òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní Corporation Street, àwọn ilé ìtajà rẹpẹtẹ sì dìde síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tálákà tí wọ́n lé jáde. Ẹnikẹ́ni tó ti rí àmì pupa lára ògiri ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ní Ìbàdàn yóò mọ irú omijé tó wà nídìí òpópónà tó rẹwà. Bákan náà ni omi: láti 1904 ni omi Birmingham ti ń ṣàn wá láti àfonífojì Elan ní Wales, nínú ọ̀nà omi tó gùn tó máìlì 73, àwọn tó ń gbé àfonífojì náà sì ní láti fi ilé wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lè dí omi ibẹ̀. Ní Ìbàdàn, 1942 ni ilé iṣẹ́ omi Ẹlẹ́yẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Birmingham gba oyè ìlú ńlá lọ́wọ́ ọba ní 1889, olórí ìlú rẹ̀ sì di Lord Mayor ní 1896. Òfin 1902 fi ilé ìwé sábẹ́ káńsù, òfin 1919 mú kí ó máa kọ́ ilé fún aráàlú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, agbára náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù: ìjọba àpapọ̀ gba iná mànàmáná ní 1948 àti gáàsì ní 1949, omi bọ́ lọ́wọ́ káńsù ní 1974, ó sì di ti aládàáni ní 1989. Ní 1974 kan náà ni wọ́n so Sutton Coldfield mọ́ Birmingham.

Ìdí tí mo fi tọ ìtàn náà dé ibí ni pé òun ló ń sọ ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ. Bí omi bá dá, ilé iṣẹ́ Severn Trent ni ẹ ó pè. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wà láàárín yín àti ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún yín. Ètò ọkọ̀ èrò ní gbogbo agbègbè náà wà lọ́wọ́ àjọ kan tó so Birmingham pọ̀ mọ́ àwọn ìlú tó yí i ká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016. Láti 2017 ni aráàlú ti ń dìbò yan olórí tirẹ̀, Richard Parker ló sì wà níbẹ̀ láti 2024. Ohun tó kù fún káńsù ni owó ilé, ìdọ̀tí, òpópónà, ìwé ẹ̀bẹ̀ ilé ìwé ọmọ, ilé kíkọ́, àbójútó àwọn láńlọ́ọ̀dù, ilé ìkàwé, àti ìtọ́jú arúgbó àti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́.

Ta ni kí ẹ kọ̀wé sí?

Káńsẹ́lọ̀ 101 ló wà ní Birmingham, wọ́ọ̀dù 69 ni wọ́n ń ṣojú fún. Wọ́ọ̀dù 37 ní káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo, 32 ní méjì-méjì, láti 2018 sì ni gbogbo wọn ti ń lọ síbi ìdìbò lọ́jọ́ kan náà ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn káńsẹ́lọ̀ fúnra wọn ló ń yan olórí káńsù láàárín ara wọn, olórí náà yóò sì yan ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń bójú tó iṣẹ́ kan. Ní 2012, wọ́n bi aráàlú léèrè bóyá wọ́n fẹ́ máa dìbò yan olórí ìlú tààrà, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́.

Lord Mayor tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán pẹ̀lú ṣéènì wúrà lọ́rùn ń ṣe alága ìpàdé gbogbo káńsẹ́lọ̀, ó sì ń gba àlejò pàtàkì, ṣùgbọ́n kò láṣẹ lórí owó tàbí òṣìṣẹ́. Bàbá kan ní Mọ́lété ti kọ lẹ́tà tó dára gan-an sí i nípa òtútù inú ilé ọmọ rẹ̀, ó rò pé òun ni ó dà bí alága lọ́dọ̀ wa. Ìdúpẹ́ ló gbà padà.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni òṣìṣẹ́ káńsù, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò yàn, tí wọn kì í sì kúrò nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá wọlé. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yín lọ, lórí ìkànnì káńsù tàbí lórí fóònù. Ẹ rí i dájú pé ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní nọ́ńbà dà bí ẹni pé ẹ kò sọ ọ́ rí. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá tí wọn kò ṣe nǹkan kan, ìgbà náà ni ẹ ó kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ fi postcode ilé yín wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì káńsù, ẹ ó rí ímeèlì rẹ̀ níbẹ̀, àti ọjọ́ tó ń jókòó ní ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò láti gba àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ń pe ìjókòó náà ní surgery, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ibi tí dókítà ti ń gba aláìsàn, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ yín níbẹ̀.

Bí lẹ́tà yín ṣe rí ṣe pàtàkì. Àwa a máa kí ènìyàn dáadáa, kí a béèrè ará ilé, kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Òṣìṣẹ́ káńsù tó ní ọgọ́rùn-ún ímeèlì láti kà lóòjọ́ kò ní rí ọ̀rọ̀ yín bí ó bá wà ní ìparí ìkíni. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹjọ́ sókè. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ kan fún lẹ́tà kan. Ẹ má ṣe so ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé, nítorí pé ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ.

Owó ilé tí wọ́n ń pè ní Council Tax

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọsẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kí a farabalẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1990, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó kan kalẹ̀ tí àgbà kọ̀ọ̀kan ní láti san, olówó àti tálákà, iye kan náà láàárín ìlú kan. Owó orí gan-an ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Agbẹ́kọ̀yà, bí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ṣe dìde sí owó orí ní 1968 àti 1969, kò ní yà yín lẹ́nu pé ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn London ní 31 March 1990. Owó náà kò pẹ́. Ní 1 April 1993, Council Tax rọ́pò rẹ̀: ilé ni wọ́n ń wò báyìí, wọ́n sì pín gbogbo ilé sí ìpele mẹ́jọ, láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé náà ìbá tà ní 1 April 1991. Ilé ìpele H ń san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ilé ìpele A ń san. Ẹni tó ń gbé inú ilé ni ó máa ń san án, kódà bí ó bá jẹ́ ayálégbé, àyàfi bí láńlọ́ọ̀dù bá pín ilé náà ní yàrá-yàrá fún onírúurú ènìyàn; nígbà náà láńlọ́ọ̀dù ni káńsù ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún kì í san án. Bí gbogbo àgbà inú ilé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé náà bọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n káńsù kò ní mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún un, nítorí náà ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé ìwé kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé pẹ̀lú àgbà kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, bí àpẹẹrẹ aya tàbí ọkọ tó ń ṣiṣẹ́, ilé náà yóò san, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹni tó ń dá gbé náà ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 25 yìí. Òfin tún fàyè sílẹ̀ fún ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó gba owó ìrànwọ́ ìjọba, pé kí wọ́n má kà á mọ́ àwọn tó ń san. Ẹ kọ̀wé béèrè, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ohun tí físà náà sọ mọ́ ọn.

Ìkìlọ̀ ńlá kan wà níbí fún ẹni tí físà rẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba. Ìdásílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀dínwó ẹni tó ń dá gbé kò sí lára owó ìjọba tí físà ń sọ, ẹ lè gbà wọ́n pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Council Tax Reduction, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ìyẹn wà lára owó ìjọba. Ẹ má ṣe bu ọwọ́ lù ú nítorí pé orúkọ méjèèjì jọra.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí ni ìdásílẹ̀ parí, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò tíì kó jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan parí ẹ̀kọ́ másítà rẹ̀ ní September, ní ìlú mìíràn tí n kò ní dárúkọ, ó ń gbé inú ilé kan náà lọ, ó sì gbà pé òun ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí wọn yóò fi wọ aṣọ oyè fún òun. Lẹ́tà dé lẹ́ẹ̀mẹta. Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà nígbà tí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ dé bá wọn, pẹ̀lú owó ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti lé orí gbèsè rẹ̀. Bí òfin ṣe ń rìn nìyí: ìdá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń pín owó ọdún sí, láti April dé January, ẹ sì lè béèrè pé kí wọ́n pín in sí méjìlá. Bí ẹ bá pa oṣù kan jẹ, wọn yóò fi ìránnilétí ránṣẹ́, ẹ ó sì ní ọjọ́ méje láti san án. Bí ọjọ́ méje mìíràn bá tún kọjá, gbogbo owó tó kù lọ́dún náà di gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ májísíréètì, lẹ́yìn ilé ẹjọ́ ni àwọn agbowó tí òfin fún láṣẹ láti wá gbé ẹrù. Ẹni tí owó bá há lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí káńsù ní oṣù àkọ́kọ́, kí ó dábàá iye tó lè san. Wọ́n máa ń gbọ́, bí ẹ bá tètè sọ.

Ẹ ó béèrè ibi tí owó náà ń lọ, ìbéèrè tó tọ́ sì ni, ní Birmingham ju ibikíbi lọ. Òfin kò gbà kí káńsù ya owó láti fi san ìnáwó ojoojúmọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe ètò ìṣúná tó dọ́gba lọ́dọọdún. Bí kò bá lè ṣe é, ọ̀gá àgbà ìṣúná rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ kan tó wà nínú òfin 1988. Ní 5 September 2023, Birmingham kọ ìwé náà. Gbèsè owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin, tí iṣẹ́ wọn tó ti ọkùnrin ṣùgbọ́n tí owó wọn kò tó o, wà lára ohun tó fà á, ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó gba owó púpọ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ rán àwọn alábòójútó wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Council Tax gòkè ní ìdá 9.99 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2024, ó tún gòkè ní ìdá 7.49 ní 2025, wọ́n sì gé iṣẹ́ púpọ̀ kúrò. Ní 2025 kan náà, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí yanṣẹ́ lódì, àpò ìdọ̀tí sì gba ojú òpópónà. Káńsù tó ti kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń fi gáàsì tún ìlú ṣe ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, ó sì dùn mí nígbà tí mo kà á.

Ẹ lè dìbò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí rárá. Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth, ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá sì ń gbé ní Ìlú Ọba pẹ̀lú físà tó tọ́, tó ti pé ọmọ ọdún 18, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti aṣojú ní Pálímẹ́ǹtì. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ jù ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá kí ìdìbò tó wáyé. Lọ́jọ́ ìdìbò, láti agogo méje òwúrọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán lọ. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín sì tó. Láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀, ó yẹ kí ẹ ti ní àṣẹ láti gbé níbẹ̀ títí láé. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ dìbò, nítorí pé káńsẹ́lọ̀ ń mọ òpópónà tó ń dìbò àti èyí tí kì í dìbò.

Ilé àti ilé ìwé ọmọ

Ilé tí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kì í ṣe ẹbí kan náà, jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń lo ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ káńsù. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé tó ní àṣẹ wà fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó, àní láti Ìbàdàn níbí. Bí omi bá ń wọ ara ògiri tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná bá kọṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí láńlọ́ọ̀dù, ẹ ya àwòrán, bí kò bá sì ṣe nǹkan kan, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka káńsù tó ń bójú tó ilé àyágbé.

Ní ti ọmọ, káńsù ni ẹ ó kọ̀wé sí fún àyè ní ilé ìwé ìjọba: 31 October fún ilé ìwé girama, 15 January fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ náà yóò bá wọlé ní September. Bí ẹ bá dé láàárín ọdún, ẹ lè kọ̀wé lọ́jọ́kọ́jọ́. Ilé ìwé ìjọba kò sí lára owó tí físà kọ̀.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, tàbí bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn sun káńsù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìpele tó wà nínú ètò ẹ̀sùn rẹ̀ dé ìparí. Bí ìdáhùn ìkẹyìn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Ombudsman tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa káńsù wà, kò gba owó, kò sì sí lábẹ́ káńsù. Ó máa ń fẹ́ kí ẹ wá láàárín oṣù méjìlá tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà àti ọjọ́ tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ níṣàájú ni yóò fi dá ẹjọ́ yín mọ̀.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí káńsù ṣe ń náwó, òfin ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìròyìn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2005, fún káńsù ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti dáhùn ìbéèrè yín. Òfin náà kò béèrè ibi tí ẹ ń gbé. Ìyá kan ní Àpáta lè fi ímeèlì béèrè iye ilé àyágbé tí káńsù yẹ̀ wò ní àdúgbò ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, àfi bí òfin bá ní ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ìpàdé káńsù pẹ̀lú ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti jókòó wò, láti ìgbà òfin 1960 tí Margaret Thatcher gbé wá sí Pálímẹ́ǹtì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀. Ìwé ètò ìpàdé máa ń jáde ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú, Birmingham sì máa ń gbé àwọn ìpàdé ńlá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ ṣí ìwé ètò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ọmọ yín, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó sọ nígbà tí ó kàn án. Láti ìparí March dé ìparí October, aago Ìbàdàn àti ti Birmingham dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú.